Ìlà Méjìlá Tó Dúró Sójú Kan

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ìfẹ́ ṣe ń wọlé síni lára láìtọrọ ààyè, kó wá bi ọmọbìnrin tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Oníkóòdù. Kì í ṣe aṣọ olówó ńlá, kì í ṣe òórùn lọ́fínńdà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn ló kó sí i lórí. Rúlà onígi kan ni.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ni rúlà náà ló ń ṣọ́ yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin di òròmọdìyẹ. Ẹ̀rọ ìsàba méjìlá ló wà nínú gbọ̀ngàn tó kángun sí yàrá náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ẹgbẹ̀rún ẹyin sì jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wà lábẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan a fi ìwọ̀n ooru inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí kò mọ àwòrán yà, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Kọ̀ǹpútà a kọ ìròyìn tuntun sí ìsàlẹ̀, ti àtẹ̀yìnwá a sún sókè, ti òkè pátápátá a wọ ibi tí ojú kò tó. Wọn kì í dúró. Ńṣe ni wọ́n ń sáré bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ aago ìparí.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́kùnrin yìí fi ń gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà. Á fi etí rúlà mú ìlà kan, á máa bá a gòkè díẹ̀díẹ̀ kí ojú rẹ̀ má baà ṣì í, á kà á tán, á tún sáré padà sísàlẹ̀ lọ mú òmíràn. Wọ́n kúkú sọ ọ́ ní Rúlà. Kódà Màdáàmù tó ni ilé-iṣẹ́, tó jẹ́ àbúrò ìyá tó bí i, Rúlà ló ń pè é.

Ọwọ́ tó di rúlà yẹn mú ni Oníkóòdù kọ́kọ́ rí, lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ láti máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ tó gùn, tó rọra ń lọ, tí kì í gbọ̀n. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó lè fi irú sùúrù báyìí lépa nọ́ńbà tí kò dúró, báwo ni yóò ti ṣe obìnrin tó bá dúró dè é? Láti ọjọ́ náà, wáyà kan kì í bàjẹ́ ní yàrá yẹn kó má sáré wá tún un ṣe. Àwọn wáyà kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló tú wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó wà lábẹ́ tábìlì Rúlà níbi tó ti ń ṣe bí ẹni ń so wáyà, nígbà tí Màdáàmù wọlé. Màdáàmù kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ ni tínú bá ń bí i, ohùn náà sì lọ sílẹ̀ gan-an láàárọ̀ yẹn.

"Rúlà, ẹgbẹ̀rún ẹyin ló di ọ̀bu nínú ẹ̀rọ keje lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ooru gòkè fún odidi wákàtí kan, orí àga yìí lo sì wà."

"Àǹtí, mo rí i o. Kí n tó fojú sí i dáadáa ló ti..."

"O rí i, ó kọjá. Ṣé àlejò ni?" Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga. "Lọ́jọ́ Ẹtì, oníbàárà mẹ́ta ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bá wa tọwọ́ bọ̀wé. Mi ò lè mú wọn wá wo géńdé ọkùnrin tó ń fi igi ha ojú kọ̀ǹpútà. Tí nǹkan yìí ò bá dúró kó ṣeé kà títí di ọjọ́ náà, màá ti yàrá yìí pa. Ìwọ á bá ọkọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ sí oko kejì, wàá lọ máa bá wọn tọ́jú àwọn àgbà adìyẹ."

Oko kejì jìnnà tó ìrìn ìdajì ọjọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, fóònù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Oníkóòdù gbọ́ ọ lábẹ́ tábìlì, ó dàbí ìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n lọ fi oṣùpá pamọ́ sínú àpótí. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ti là.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbìyànjú ẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì."

"Ta ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lo fẹ́ ṣe sí i?"

"Màá jẹ́ kó dúró, mà."

Màdáàmù wò ó bó ṣe ń rá jáde pẹ̀lú eruku lórí. Ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tún wo Oníkóòdù. "Ó dáa," ló sọ, ó sì jáde.

Rúlà gbé rúlà sílẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó o ṣèlérí yẹn?"

"Mo mọ ìdajì ẹ̀."

"Ìdajì tó kù ńkọ́?"

"Màá kà á."

Rúlà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bọ́ sí ibì kan láyà Oníkóòdù, kò sì jáde mọ́.

Ohun tí ọmọbìnrin yìí mọ̀ nìyí. Igi tínńrín kan wà tó ń ṣẹ́jú lójú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní kọ́sọ̀. Ibi tí kọ́sọ̀ bá wà ni lẹ́tà tó ń bọ̀ yóò bọ́ sí. Tí ẹnikẹ́ni ò bá pàṣẹ fún un, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò máa rìn lọ. Tó bá dé ìpẹ̀kun, á bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀. Tó bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, á ti gbogbo ayé sókè. Ṣùgbọ́n àmì kan wà tí ojú kì í rí, ẹsikéèpù lorúkọ rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbọ́ ọ, á mọ̀ pé ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí òun yóò kọ síta. Àṣẹ ni. Ẹsikéèpù, lẹ́yìn rẹ̀ àkámọ́ onígun, nọ́ńbà ìlà, nọ́ńbà àyè lórí ìlà náà, kí lẹ́tà H wá kádìí rẹ̀: kọ́sọ̀ á fò lọ síbi tí wọ́n rán an lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Oníkóòdù fẹ́ràn àwọn àmì náà. Ó máa ń ní wọ́n dàbí ọ̀rọ̀ tí olólùfẹ́ ń sọ séti ara wọn láàárín èrò: gbogbo ayé wà níbẹ̀, ẹnì kan péré ló gbọ́.

Ète rẹ̀ rọrùn. Dípò kí ìròyìn máa sáré, yóò fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, méjìlá fún méjìlá. Tí ìròyìn ẹ̀rọ karùn-ún bá dé, kọ́sọ̀ á kọ́kọ́ fò lọ sí ìlà karùn-ún, á kọ nọ́ńbà tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Nọ́ńbà nìkan ni yóò máa yí padà. Ìlà ò ní kúrò níbi tó wà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé àga ti Rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ kóòdù, àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé, láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ìyá Oníná wọlé wá wòran. Ìyá àgbà yìí ló máa ń gbé ẹyin sí ojú iná nínú òkùnkùn láti wò ó bóyá ẹ̀mí wà nínú rẹ̀, nítorí náà ló ṣe gbà pé kò sí ohun tó lè fara pamọ́ fún òun.

Oníkóòdù tẹ bọ́tìnnì. Ojú kọ̀ǹpútà kún fún [5;20H àti [7;20H àti [9;20H, wọ́n ń gòkè tagbára tagbára.

"Ọmọ mi, kóòdù nìyí àbí àlọ́?" Ìyá Oníná bèèrè.

"Màmá, mo gbàgbé ẹsikéèpù níwájú ẹ̀ ni. Ó rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni, ló bá ń kọ ọ́ síta."

"Ṣé èèyàn kì í kọ́kọ́ pe ẹni tó fẹ́ rán níṣẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mi ò pè é."

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni ìyá àgbà wí, ó wo Rúlà, ó wo Oníkóòdù, ó sì yí ojú sí ògiri bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. "Wọ́n á jókòó ti èèyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọn ò ní pè é."

Etí Oníkóòdù gbóná. Ó yára fi àmì ẹsikéèpù síwájú gbogbo àṣẹ, ó tún un tẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣófo. Lẹ́yìn náà ni ìlà kìíní yọ, ìlà kejì yọ, títí ó fi pé méjìlá, wọ́n sì dúró. Wọ́n dúró gbọn-in. Nọ́ńbà kan á yí padà níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, ìlà kankan ò sì ṣí nípò.

Rúlà na ọwọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà, ó dá ọwọ́ náà dúró lójú ọ̀nà. Kò sí ohun tó fẹ́ lé mọ́. "Ọdún mẹ́ta," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sáré tẹ̀ lé wọn."

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí ni, ìtàn wa ì bá má gùn tó báyìí. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Rúlà dá wà níwájú kọ̀ǹpútà, ó rí 38.8 níwájú ẹ̀rọ kẹsàn-án. Òfin ilé-iṣẹ́ yẹn ni pé bí ooru bá ti kọjá 38.5, ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè, kó sáré lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ náà kí atẹ́gùn wọlé. Ó sáré lọ, ó ṣí i. Ó padà wá wò ó, 38.8 ló ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn kejì. Ó dúró ti ẹ̀rọ náà, ó ń fi páálí fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò padà lọ wo kọ̀ǹpútà mọ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Màdáàmù tó kọjá, tó na ọwọ́ sínú ẹ̀rọ, tó sì yọ gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ooru inú rẹ̀. Ooru ti wálẹ̀ sí 36.

Ó pe àwọn méjèèjì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní láti súnmọ́ ọn.

"Èyí tó ń sáré tẹ́lẹ̀, kì í parọ́. Èyí dúró, ó wá ń parọ́ fún mi. Èwo ló sàn?"

Omi lé sí Oníkóòdù lójú. Rúlà ló dáhùn.

"Àǹtí, òfin lèmi tẹ̀ lé. Àmọ́ ẹ fún un di ọ̀la kó tún un ṣe. Tí kọ̀ǹpútà bá tún parọ́ lọ́la, mi ò ní dúró kí ẹnikẹ́ni lé mi. Fúnra mi ni màá gbé báàgì mi sínú ọkọ̀ oko kejì."

"O gbẹ́kẹ̀ lé e tó báyẹn?"

"Mo gbẹ́kẹ̀ lé e ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyá Oníná ti wọ yàrá òkùnkùn lọ pẹ̀lú páànù ẹyin láti inú ẹ̀rọ kẹsàn-án. Nígbà tó jáde, gbogbo wọn kọjú sí i. Ó fi ara balẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró kó tó sọ̀rọ̀. "Ọkàn wọn ń lù. Ẹyin ò kúkú tètè fọ́ tó ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ló jẹ́ pé tó bá já bọ́, kò ṣeé kó mọ́." Ó wo Màdáàmù bó ṣe sọ ọ́. Màdáàmù mí kanlẹ̀, ó ní, "Di ọ̀la," ó sì lọ.

Àwọn méjèèjì padà síwájú kọ̀ǹpútà. Oníkóòdù ka kóòdù láti orí dé ìdí, kò rí àṣìṣe kankan.

"Jẹ́ ká ṣe é báyìí," ni Rúlà wí. "Èmi á dúró ti ẹ̀rọ kẹsàn-án, màá máa ka ohun tí gíláàsì ń sọ. Ìwọ máa ka ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ."

Ilẹ̀kùn tó wà láàárín gbọ̀ngàn àti yàrá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ń pe nọ́ńbà síra wọn bí ẹni ń dá orin tí èkejì ń gbè é.

"37.6," ni Rúlà pè.

"37.6."

"37.8."

"37.8."

"38 géérégé."

Oníkóòdù la ẹnu láti gbè é. Ṣùgbọ́n 38.8 ló wà níwájú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó fò sókè, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Rúlà sáré wọlé. "Kí ló dé?"

"Ìrù ni. Ìrù tàtẹ̀yìnwá ni." Ó fi ìka hàn án. "Nígbà tó jẹ́ 37.8, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ fi 38 ránṣẹ́, kò fi ẹyọ kankan tì í lẹ́yìn, kò fi òdo kún un. Mo kọ 38 lé 37 lórí. Àmì kékeré àti 8 tó wà lẹ́yìn 37, kò sẹ́ni tó nù ún. Ó bá lẹ̀ mọ́ tuntun lára."

Rúlà wò ó, ó wo nọ́ńbà náà. "Àṣé irọ́ kọ́. Àìnù ni."

"Èmi ni mi ò nù ún."

Àṣẹ kan ṣoṣo ni oògùn rẹ̀: ẹsikéèpù, àkámọ́ onígun, lẹ́tà K. Bí kọ́sọ̀ bá ti dé ìdí nọ́ńbà, àṣẹ yẹn á nu gbogbo ohun tó wà láti ibẹ̀ dé ìpẹ̀kun ìlà kí tuntun tó bọ́ sílẹ̀. Ó fi sí gbogbo ìlà méjèèjìlá. Nítorí pé inú rẹ̀ dùn, ó tún fi ẹ̀bùn kún un: ìlà tí ooru rẹ̀ bá kọjá 38.5 yóò pọ́n dòdò, ìlà yẹn nìkan, àṣẹ mìíràn yóò sì dá àwọ̀ padà kó tó kan aládùúgbò rẹ̀. Rúlà tún lọ dúró ti ẹ̀rọ, ó pe nọ́ńbà ogójì, kọ̀ǹpútà gbè gbogbo wọn láìṣì ẹyọ kan.

Àwọn oníbàárà mẹ́ta dé lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú bàtà dídán àti ojú tí kò rẹ́rìn-ín. Èyí tó jẹ́ àgbà wọn ga, ó sì pá lórí. Màdáàmù mú wọn wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Oníkóòdù fara ti ògiri, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Bí nǹkan bá yẹ̀ lónìí, ọkọ̀ ọ̀la yóò gbé ọkàn rẹ̀ lọ sí oko kejì.

Rúlà ń ṣàlàyé fún wọn ní pẹ̀lẹ́. Ó dé orí ẹ̀rọ kẹta nígbà tí ìlà kẹrin pọ́n.

"Kí ló dé tí ọ̀kan..." ni baba olórí pípá fẹ́ bèèrè. Kó tó sọ ọ́ tán, àga Rúlà ti ṣófo. Láti ojú fèrèsé gíláàsì tó wà láàárín, gbogbo wọn rí i tó sáré dé ẹ̀rọ kẹrin, tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, tó sì wo òkè. Bẹ́líìtì tó ń yí fáànù ti yọ bọ́. Ó na apá gígùn rẹ̀ sókè, ó fi bẹ́líìtì padà sí ojú ihò rẹ̀, fáànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Nínú yàrá, gbogbo ojú yí sí kọ̀ǹpútà. Ìlà kẹrin nìkan ló pọ́n. Mọ́kànlá tó kù dúró jẹ́ẹ́ nínú àwọ̀ funfun wọn. 38.7. Ó dúró díẹ̀. 38.6. Oníkóòdù ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n, wálẹ̀, jọ̀ọ́, wálẹ̀. 38.4, ìlà náà sì fi pupa sílẹ̀, ó padà di funfun bíi ti àwọn ará ilé rẹ̀. 38.1. Lẹ́yìn náà, 38, lásán, mímọ́ fóníníní, kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀.

Baba olórí pípá wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìṣẹ́jú méjì ò pé." Ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ibi tí a ti ń ra òròmọdìyẹ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́."

"Àwọn míì ò tiẹ̀ ní mọ̀," èkejì fèsì. "Wọ́n á kàn sọ fún wa pé ẹyin ló ní orí burúkú."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àwọn ojú tó dì bẹ́ẹ̀. Baba náà bèèrè ẹni tó kọ́ kọ̀ǹpútà ní irú ìwà báyìí. Màdáàmù tọ́ka sí ara ògiri, ohùn rẹ̀ sì ròkè, ó ròkè tó jẹ́ pé àwọn tó ń ṣa ẹyin lọ́nà jíjìn gbọ́ ọ: "Ọmọ wa nìyẹn. Kóòdù ẹ̀ kì í parọ́." Orí tábìlì Rúlà ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé, nígbà tí Rúlà fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú gbọ̀ngàn tó ń fọ ọ̀rá ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́.

Oníkóòdù lọ bá a níbẹ̀.

"Wọ́n fọwọ́ sí i," ló sọ.

"Mo rí i láti ojú gíláàsì." Rúlà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ kejìlá níbi tí ẹyin ogún ọjọ́ wà, ó mú ẹyọ kan, ó gbé e sí etí ọmọbìnrin náà. Nínú èèpo gbígbóná náà, ẹnì kan ń sọ tóín, tóín, tóín.

"Ó máa jáde lọ́la," ni Rúlà wí. "Mo ti ń bẹ̀rù pé inú ọkọ̀ ni màá wà." Ó dá ẹyin náà padà sínú ẹ̀rọ. "Oníkóòdù, o mọ̀ pé wáyà tábìlì mi kì í ṣàdédé tú?"

Ojú tì í dé ẹsẹ̀. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìgbà kìíní. Mo kàn ń sọ ọ́ lọ́kàn pé kó máa tú lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, àmọ́ mi ò ní ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ bíi tìrẹ. Ohun tó bá ń dúró lójú kan ni mo mọ̀ ọ́n kà."

"Kà á báyìí," ni Oníkóòdù ní. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò sì ní ṣí nípò."

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí," ni Ìyá Oníná ké láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ kẹwàá, níbi tó ti wà láti ẹ̀ẹ̀kan, "ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn kí otútù má mú àwọn ọmọ ọlọ́mọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ oko kejì fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu géètì, ó sì gbéra lọ pẹ̀lú oúnjẹ adìyẹ nìkan. Rúlà ò tiẹ̀ gbọ́. Nínú ẹ̀rọ kejìlá, òròmọdìyẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èèpo, ariwo wọn gba gbogbo gbọ̀ngàn, ìlà méjìlá dúró wámúwámú lójú kọ̀ǹpútà, Màdáàmù fúnra rẹ̀ ló sì gbé àga kejì wọlé, tó gbé e ti àga Rúlà, tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.